Geneva Kékeré Lẹ́yìn Ripple Road

Ẹ fa àga sún mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín kò fẹ́ràn ẹ̀rín rárá, àfi èyí tí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí. Akínrẹ̀mí ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá pè é ní Akínrẹ̀mí lójú ara rẹ̀, ẹ ti ṣẹ̀ nìyẹn. Aposteli Àgbà Jùlọ ni ẹ ó kọ́kọ́ pè é, ẹ ó fi Alábòójútó Ẹkùn Ìlà-Oòrùn London lé e, ẹ ó tún fi Ìmọ́lẹ̀ Barking òun Dagenham kún un, kí ẹ tó wá kí i pé ẹ káàárọ̀. Kí ẹ tó kí i tán, ilẹ̀ ti mọ́ kanlẹ̀, ọ̀sán ti pọ́n.

Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa rìn kiri agbègbè Rippleside, kí ó máa lẹ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ojú gíláàsì mọ́tò ẹni tó bá gbé ọkọ̀ síbi tí kò yẹ. Iṣẹ́ gidi ni, kò sì sẹ́ni tó fi ń bú u. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti wọ ọkùnrin yìí lẹ́jẹ̀. Bó bá rí ọmọdé tó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ létí ọ̀nà, ọwọ́ á ti máa yún un. Tó bá wá di ọjọ́ Ìsinmi, á bọ́ jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, á gbé aṣọ funfun wọ̀, á di àmùrè tó ń dán, á sì jókòó síwájú Ìjọ Aládùúrà Òkè Ayọ̀. Ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́yìn Ripple Road ni ìjọ náà wà, láàárín ẹni tó ń ta táyà àti ẹni tó ń ta kápẹ́ẹ̀tì.

Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé. Bàbá Àgbà, olórí gbogbo ìjọ wọn, ti ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta pé òun ń bọ̀ ní Sunday Ìkórè láti wá yan ẹni tí yóò jẹ́ Olórí Ìjọ ní gbogbo Yúróòpù. Ipò yìí ni Akínrẹ̀mí ń fẹ́, ó sì ń fẹ́ ẹ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi. Ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́ṣọlá, ti gbọ́ ọ lójú oorun tó ń sọ pé, "Ẹ dìde, ẹ dìde, ọmọ mi," fún àwọn ará Jámánì tó wá dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ọmọ́ṣọlá yìí kan náà ló sì ṣí ilẹ̀kùn wàhálà sílẹ̀ láìmọ̀. Ó rí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú olówó pọ́ọ́kú lọ sí ìlú Geneva ní Switzerland. Tirẹ̀ ni kí òun àti ọkọ òun lọ wo adágún omi, kí wọ́n jẹ ṣokoléètì, kí wọ́n padà wálé. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan níbẹ̀, Akínrẹ̀mí bá ara rẹ̀ níwájú ògiri òkúta gbọọrọ kan tí wọ́n gbẹ́ ère àwọn alátùn-únṣe ìsìn ayé àtijọ́ sí. Gbogbo wọn ló ní irùngbọ̀n, gbogbo wọn ló wọ agbádá òkúta, kò sì sí ọ̀kan tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Orí aposteli wa wú.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi sí i létí ń ṣàlàyé. Ó ní ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, àwọn ọkùnrin yìí dé, wọ́n sì tún ìlú náà ṣe látòkèdélẹ̀. Wọ́n kó ère kúrò nínú ìjọ, wọ́n pa dùùrù lẹ́nu mọ́, wọ́n fòfin de ijó. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn bọ́ ohun ọ̀ṣọ́ lára, àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà bá lọ ń ṣe aago. Ní gbogbo Thursday ni ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ń pe àwọn ará ìlú lẹ́jọ́: ta ló jó níbi ìgbéyàwó, ta ló sùn nígbà ìwàásù? Ẹ̀rọ náà tún ní bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá fún ìrìbọmi, ó ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Claude. Oníwàásù kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀, Abrahamu ló pe ọmọ náà. Inú Akínrẹ̀mí dùn débi pé ó yọ nǹkan náà kúrò létí kí ìyàwó rẹ̀ lè ya òun ní fọ́tò. Ibi tí ẹ̀rọ ti ń sọ bí bàbá ọmọ ṣe já ọmọ rẹ̀ gbà, tí rògbòdìyàn sì gba gbogbo ìlú kan, ó ń fa ikùn wọlé níwájú kámẹ́rà, kò gbọ́.

"Daddy Yẹmí," Ọmọ́ṣọlá ní, "ẹ jẹ́ ká lọ jẹ ṣokoléètì."

"Ọmọ́ṣọlá, ọ̀run ti gbé iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́."

"Iṣẹ́ wo ni? Ẹ ṣì ń lọ sí iṣẹ́ ní Monday o."

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Láyí dìde níwájú ìjọ. Láyí ni akọ̀wé, ọmọkùnrin tó wá kàwé ní ọdún 2022, tó sì tètè rí i pé ìyìn ń yára gbé èèyàn ga ju ìwé lọ. Ó ka oyè Akínrẹ̀mí títí ọmọ ọwọ́ kan fi sunkún, tó sùn, tó tún jí. Nígbà náà ni ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ wá dìde, ó tún àmùrè rẹ̀ fà.

"Ẹ̀yin ará! Ẹ̀yin ènìyàn Barking! Ẹ̀yin arìnrìn-àjò inú òkùnkùn biribiri! Mo ti dé ìlú kan tí ìbàdí kì í mì! Mo ti rí ìlú tí ata kì í wọ ọbẹ̀! Mo dúró níwájú àwọn bàbá òkúta, mo sì gbọ́ tí òkúta wí fún mi pé, Akínrẹ̀mí, ìwọ náà dà? Láti òní lọ, ìjọ yìí kì í ṣe ìjọ lásán mọ́. Geneva Kékeré ni!"

"Geneva Kékeré!" Láyí kígbe. "Ẹ jẹ́ kí n kú báyìí, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀!"

Kò kú o. Òun ló ru àsíá níwájú wọn ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí Akínrẹ̀mí kó gbogbo ìjọ lọ sí àwókù ilé tí àwọn obìnrin mímọ́ tí kì í lọ́kọ gbé láyé àtijọ́ ní Abbey, láàárín Barking. Àwọn ọ̀dọ́ kan jókòó síbẹ̀, wọ́n ń jẹ adìyẹ díndín. Ó gun orí òkúta kan nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ní kí wọ́n wo ohun tí àtúnṣe ti ṣe sí ìlú tí wọ́n ń gbé. Ọba ilẹ̀ yìí nígbà náà lé àwọn obìnrin mímọ́ náà jáde, ó ní, wọ́n wó ilé wọn, wọ́n kó òkúta rẹ̀ lọ fi kọ́ ilé ẹlòmíì.

Ìyá kan tó ń jẹ́ Wúrà, tó ń ṣáájú orin, tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. "Bàbá, wọ́n lé wọn, wọ́n wó o, wọ́n kó o. Ó yé mi. Kí ni wọ́n wá tún ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ gbé ọwọ́ sókè kí ẹ tó béèrè ìbéèrè!" ni Akínrẹ̀mí dáhùn, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ibẹ̀ ni òfin àkọ́kọ́ ti wá: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ níwájú aposteli láìgbé ọwọ́ sókè, kí Láyí sì rí ọwọ́ náà, kí ó fọwọ́ sí i. Òfin tó kù tẹ̀lé e bí òjò. Kò sí ijó mọ́, kò sí ìlù, àtẹ́wọ́ sì gbọ́dọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ àyà. Oúnjẹ lẹ́yìn ìsìn di pòtétò bíbọ̀ láìsí ata, nítorí ó ní òun kò rí rodo lára ère kankan ní Geneva. Yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn di èèwọ̀. Òun alára ra aago ràgàjì aláwọ̀ wúrà kan lọ́jà ọjọ́ Ìsinmi, nítorí aago ni ohun ọ̀ṣọ́ àtúnṣe. Aago náà sì ń pa ọwọ́ rẹ̀ láró ewé. Ó ní orúkọ Wúrà pàápàá ní ohun ọ̀ṣọ́ nínú, kí wọ́n máa pè é ní Arábìnrin Irin. Ìyá náà wò ó, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti di aláwọ̀ ewé.

Ìran rírí ńkọ́? Ẹ̀yin tó mọ ìjọ aládùúrà mọ̀ pé ẹ̀mí kì í sọ pé òun ń bọ̀. Akínrẹ̀mí ní kí ẹni tó bá fẹ́ ríran wá ṣàlàyé ìran náà fún ìgbìmọ̀ ní Thursday, kí ó tó rí i ní Sunday. Ní ọjọ́ kan ẹ̀mí gbé Arábìnrin Irin, ó mì tìtì, ó ní, "Mo rí...!"

Láyí sáré sí i. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ìgbìmọ̀ ti approve ìyẹn?"

Ẹ̀mí bá padà lọ.

Ẹni tó bá rúfin, Akínrẹ̀mí á lẹ tíkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè mọ́ ọn láyà, á sì ní kí ó gbé àga rẹ̀ kọjú sí ògiri. Wọ́n lẹ ọ̀kan mọ́ ọmọbìnrin kan, Ayọ̀mípọ̀sí, tó ṣì wà ní secondary school. Ó fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níta: "I swear down, mo kàn mi èjìká, bruv. Èjìká lásán o!" Kò pẹ́ tí àwọn tó kọjú sí ògiri fi pọ̀ ju àwọn tó kọjú sí pẹpẹ lọ. Aposteli wa wá ń wàásù sí ìpàkọ́ àwọn èèyàn. Inú rẹ̀ dùn, ó ní àwọn bàbá òkúta náà kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Báyìí ni nǹkan wà nígbà tí Jọkẹ́ bímọ. Jọkẹ́ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan, ọkọ rẹ̀ Tóbi ń kó ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí, wọn kò sì ní mọ̀lẹ́bí kankan ní ilẹ̀ yìí ju ìjọ lọ. Ìbejì ni wọ́n bí, obìnrin ló kọ́kọ́ jáde, ọkùnrin tẹ̀lé e. Ìyá Jọkẹ́ wá láti Abẹ́òkúta láti wá wẹ ọmọ. Nígbà tí wọ́n ka ọjọ́, ìkẹjọ bọ́ sí Sunday Ìkórè gan-an, ọjọ́ tí Bàbá Àgbà ń bọ̀. Akínrẹ̀mí gbọ́, ó pàtẹ́wọ́, ní ìsàlẹ̀ àyà. Ìsọmọlórúkọ níwájú Bàbá Àgbà! Bí Geneva ṣe ṣe é gẹ́lẹ́! Ta ló tún kù tí wọn yóò fi ṣe Olórí Yúróòpù?

Ó mú Láyí, ó di ilé Jọkẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà Parsloes.

"Mo kí yín kú ewu," ó ní, bí ẹni tó ń ka ìròyìn. "Ọ̀run ti dá yín lọ́lá. Àwọn ọmọ yín ni yóò jẹ́ àkọ́so Àtúnṣe!"

"Ẹ ṣé, sà," Tóbi dáhùn. "Táíwò rèé. Kẹ́hìndé ni màmá ń wẹ̀ lọ́wọ́ yẹn."

Akínrẹ̀mí di etí méjèèjì. "Ẹ má jẹ́ kí n tún gbọ́ ọ! Orúkọ ayé àìmọ̀kan nìyẹn. Inú Bíbélì ni a ti ń mú orúkọ báyìí. Ìbejì wo ló wà nínú Bíbélì? Èyí tó kọ́kọ́ jáde, Ésáù. Èkejì, Jákọ́bù."

"Sà," Tóbi ní, "obìnrin ni èyí tó kọ́kọ́ jáde o."

"Àtúnṣe kì í wo ìyẹn."

Jọkẹ́ dìde lórí ibùsùn. "Daddy, Ésáù? Ésáù onírun lára? Ọmọ mi obìnrin? Ẹ wo ara rẹ̀, ẹ wò ó dáadáa! Níbo ni irun wà? Ésáù tó ta ogún ìbí rẹ̀ nítorí abọ́ ìpẹ̀tẹ̀ kan?"

"And by the way, sà," Tóbi tún sọ, "Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló rán èyí wá kó wá tọ́ ayé wò. So tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ni Ésáù, a jẹ́ pé ọkùnrin yẹn ló yẹ kó jẹ́..."

"Tóbi! O ti gbà nìyẹn?"

"Mi ò gbà o! Mò ń ṣàlàyé ni!"

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbọ́," Jọkẹ́ ní, omi ti lé sí i lójú. "A ò fún wọn lórúkọ. Wọ́n mú un bọ̀ láti ọ̀run ni. Tí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ wọn, kí ni mo fẹ́ máa pè wọ́n?"

Ìyá Jọkẹ́ ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ níbi tó ti ń wẹ ọmọ. Ó yọjú pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. "Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Aposteli, Bàbá Àgbà tí ẹ ń retí yìí, ṣé ẹ mọ orúkọ rẹ̀?"

"Orúkọ rẹ̀? Ta ló jẹ́ pe ẹni àmì òróró lórúkọ?"

"Ojúlé kan náà ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ dàgbà. Mo fẹ́ sọ fún yín pé..."

"Màmá, ẹ ò gbé ọwọ́ sókè."

Ìyá náà gbé ọwọ́ sókè. Akínrẹ̀mí wo Láyí. "Akọ̀wé, ṣé a rí ọwọ́?"

Láyí yẹ̀ ẹ́ wò. "Ọwọ́ náà ní ọṣẹ, Ìmọ́lẹ̀ Barking. Òfin ò sọ nǹkan kan nípa ọwọ́ ọlọ́ṣẹ."

"Nígbà náà a ò rí i." Ó yọ tíkẹ́ẹ̀tì ìyeyè kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gèlè ìyá ìyàwó ọlọ́mọ, ó sì jáde.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ìyá náà ní, ó sì padà sídìí ọmọ wíwẹ̀.

Èmi ò ní fi yín sínú òkùnkùn tí ọkùnrin yìí fi ara rẹ̀ sí. Táíwò ni Bàbá Àgbà ń jẹ́. Ìbejì ni, Kẹ́hìndé rẹ̀ sì ti dágbére fáyé. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń pe àgbàlagbà lórúkọ láàárín wa? Wọ́n fi Wòlíì bo orúkọ náà nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, wọ́n fi Aposteli bo Wòlíì, wọ́n wá fi Bàbá Àgbà bo gbogbo rẹ̀. Akínrẹ̀mí, tó mọ oyè rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, kò béèrè rí ohun tó wà nísàlẹ̀ oyè. Jọkẹ́ pe Ọmọ́ṣọlá lórí fóònù, ó sọ fún un. Ọmọ́ṣọlá sáré bá ọkọ rẹ̀ nínú pálọ̀.

"Daddy Yẹmí, ó ní nǹkan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa Bàbá Àgbà."

"Mú un wá sí ìgbìmọ̀ ní Thursday."

"Thursday ti kọjá!"

"Thursday mìíràn ń bọ̀."

Tíkẹ́ẹ̀tì tí ó lẹ̀ mọ́ Ọmọ́ṣọlá nítorí pé ó kọrin nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣì wà lára firíìjì. Obìnrin náà wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó wo ọkọ, ó ní, "Ó dáa," ó sì lọ sùn.

Sunday Ìkórè pé. Bàbá Àgbà wọlé, bàbá kékeré kan tó fi ọ̀pá rìn, ojú rẹ̀ sì tutù. Ó wo òde, ó wo inú. Ó rí ìlù tí wọ́n fi aṣọ bò bí òkú. Ó rí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ tí wọ́n kọjú sí ògiri.

"Ṣé wọ́n ń ṣèdárò ni?" ó béèrè.

"Àtúnṣe ni, Bàbá!" ni Akínrẹ̀mí fèsì. Wọ́n bu pòtétò bíbọ̀ fún bàbá náà. Ó jẹ ẹ̀kan, ó rọra gbé abọ́ náà sábẹ́ àga.

Láyí ka oyè. Nígbà tó ṣe, Bàbá Àgbà béèrè pé èèyàn mélòó ló ń pè. Akínrẹ̀mí wá dìde sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa adágún, ó sọ nípa òkúta, ó sọ nípa Thursday. Ní gbogbo àkókò yìí, Ìyá Jọkẹ́ jókòó ní ìlà iwájú, ó gbé ọwọ́ sókè. Nígbà tí apá ọ̀tún rẹ̀ rẹ̀ ẹ́, ó fi tòsì gbé e ró.

"Lónìí," Akínrẹ̀mí bú jáde, "lójú Bàbá wa, n ó fa orúkọ òkùnkùn tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò! Táíwò! Kí ni Táíwò? Ẹ wá gbogbo ìwé mímọ́, ẹ wá gbogbo ọ̀run! Ṣé ẹ rí áńgẹ́lì Táíwò? Ṣé ẹ rí wòlíì Táíwò? Kò tíì sí ẹni mímọ́ kan, láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé wá títí dé Ripple Road, tó jẹ́ Táíwò! Ẹni tó bá ń jẹ́ ẹ kò yẹ lẹ́ni tí ń ṣáájú ewúrẹ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ èèyàn!"

Bàbá Àgbà wúkọ́.

"Bàbá ti fọwọ́ sí i!" Láyí kígbe.

Akínrẹ̀mí gba ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ Jọkẹ́, ó gbé e sókè. "Mo sọ ọ́ ní É..."

Kò parí rẹ̀. Tóbi tó wà lẹ́yìn ti fò dìde, ó ti já ọmọ rẹ̀ gbà. "Ésáù kọ́! Ẹ pè mí lẹ́jọ́ ní Thursday, mi ò bìkítà! Táíwò ni ọmọ mi!"

Ariwo sọ. Àwọn tó kọjú sí ògiri yí àga padà lẹ́ẹ̀kan náà. Akínrẹ̀mí ń lẹ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹni tó bá sún mọ́ ọn, ó lẹ ọ̀kan mọ́ Láyí láìmọ̀. Bàbá Àgbà fi ọ̀pá lu ilẹ̀, gbogbo ilé pa rọ́rọ́.

"Màmá tó gbé ọwọ́ sókè láti àárọ̀ yẹn," ó ní, "ṣé apá ló ń dùn wọ́n ni?"

Ìyá Jọkẹ́ dìde. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Táyé, ẹ kú ìrìn. Táyé ọmọ Ìyá Ìbejì, ẹ kú àtìjọ́."

"Màmá!" Akínrẹ̀mí han gooro. "Orí yín dà rú! Bàbá Àgbà lẹ fẹ́ fi orúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀ bú lójú mi? Bàbá, ẹ má dá wọn lóhùn!"

"Èmi ni Táíwò," Bàbá Àgbà dáhùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ojú tó ṣubú rí, ṣùgbọ́n n ò tíì rí èyí tó pẹ́ tó báyìí kó tó dé ilẹ̀. Irùngbọ̀n Akínrẹ̀mí kọ́kọ́ gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ ṣí, àmùrè rẹ̀ tú.

Bàbá Àgbà kò tiẹ̀ tíì wò ó. Ìyá Jọkẹ́ ló ń wò, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Láti ọjọ́ tí Kẹ́hìndé mi ti lọ, ẹnì kan ò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bàbá Àgbà, Bàbá Àgbà ní gbogbo ìgbà. Mo rò pé wọ́n ti sin èmi náà mọ́ ọn ni." Ó sọkún díẹ̀ láìtijú, àwọn àgbà bá a sọkún.

"Bàbá," Akínrẹ̀mí gbìyànjú, "Táíwò oríṣi méjì ló wà. Ti òkùnkùn wà. Ti ìmọ́lẹ̀ náà wà, èyí tí mò ń..."

"Akínrẹ̀mí, ọmọ mi, sinmi." Ohùn bàbá náà tutù. "Ìlú tí o lọ yẹn dára. Mo fẹ́ mọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n ṣe àtúnṣe tán, ta ni wọ́n fi ṣe bíṣọ́ọ̀bù wọn?"

Ẹ wò ó, bí ọkùnrin yìí bá dákẹ́ níbẹ̀, bóyá kò ní burú jù. Ṣùgbọ́n wọ́n ti béèrè ohun tó mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àyà rẹ̀ tún ga. "Ha, Bàbá! Wọn ò fi ẹnikẹ́ni ṣe é! Wọ́n lé bíṣọ́ọ̀bù jáde nílùú, kò sì padà wá mọ́! Kò sí olórí kan tó ń jọba lé àwọn ìjọ lórí. Gbogbo àwọn oníwàásù dọ́gba-n-dọ́gba, ìkan ò ga ju ìkan. Àṣírí Geneva gan-an nìyẹn!"

"Ó dára gan-an," Bàbá Àgbà ní. "Mo wá láti yan Olórí fún Yúróòpù. Bí àtúnṣe bá rí báyìí, a ò nílò rẹ̀ mọ́. Mo ti fagi lé ipò náà lónìí. Ìwọ lo là wá lójú, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Kí o sì bọ́ oyè tó kù náà kalẹ̀, kí ìwọ àti Tóbi lè dọ́gba."

Ẹ lè rẹ́rìn-ín báyìí. Àwọn náà rẹ́rìn-ín, Ọmọ́ṣọlá ló sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ká aṣọ kúrò lórí ìlù. Oyin yọ nínú báàgì kan, iyọ̀ yọ nínú òmíràn. Ó wá hàn pé gbogbo ìjọ ló kó nǹkan ìsọmọlórúkọ pamọ́ sára, tí wọn ò sì sọ fún ara wọn. Kúlà ìrẹsì jollof wọlé láti ẹ̀yìn mọ́tò, ata rẹ̀ ń ta èèyàn nímú láti ẹnu ọ̀nà. Wúrà mi ìbàdí tí ó ti so lókùn fún oṣù mélòó kan, ó sì mì í tigbèsè-tigbèsè.

Bàbá Àgbà fi oyin kan àwọn ọmọ lẹ́nu, ó pè wọ́n ní Táíwò àti Kẹ́hìndé bí wọ́n ṣe dé. Olúkúlùkù wá ń fi orúkọ tirẹ̀ kún un. Ìyá Jọkẹ́ sọ tirẹ̀, Wúrà sọ tirẹ̀, Láyí pàápàá sọ ọ̀kan, gbogbo ìjọ ń ṣe àmín. Akínrẹ̀mí ti ń lọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ padà wá," Jọkẹ́ ló sọ ọ́, kì í ṣe Bàbá Àgbà. "Àgbà kì í wà níbi ìsọmọlórúkọ kó má sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ wá, Daddy."

Ó padà wá. Kò sí ẹni tó ka oyè rẹ̀. Ó gbé ọmọbìnrin náà, ọmọ náà wo aago rẹ̀. Ó gbẹ́nu sókè, gbogbo ìjọ rò pé ọ̀rọ̀ gígùn ń bọ̀, wọ́n fara balẹ̀ de ìyà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ.

"Geneva."

Jọkẹ́ wo ìyá rẹ̀. Ìyá náà gbé èjìká. "Ẹni tó bá sọ ọmọ lórúkọ ni yóò máa fi pè é. Àmín o."

"Àmín," ni gbogbo ìjọ wí, ẹ̀rín sì ń pa wọ́n.

Bó ṣe rí títí di òní nìyẹn. Òun nìkan ló ń pe ọmọ náà bẹ́ẹ̀. Tí ìsìn bá parí, á bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Akínrẹ̀mí lásán báyìí, á ní, "Geneva! Geneva mi!" Ọmọ náà á máa fi ìka ṣeré lórí kápẹ́ẹ̀tì, kò ní gbójú sókè. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún un fún oṣù púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní Sunday kan tí gbogbo èèyàn ti lọ gba oúnjẹ, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì pè é jẹ́jẹ́.

"Táyé."

Ọmọ náà gbójú sókè, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i kí ó gbé òun.